Ọ̀nà Méjì Nínú Ọ̀fun Kan

Mo lè fi etí mọ bí àyà ọmọ mi ṣe rí láti ìta yàrá. Bí èémí rẹ̀ bá ń lọ geere, kò sí ohun tí ènìyàn máa gbọ́. Bí ó bá fẹ́ dàrú, ìró kan ló máa kọ́kọ́ wá, tínrín, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn páànù wọlé. Kì í ṣe ìgbà tó bá ń mí sínú ni mo máa ń gbọ́ ọ. Ìgbà tó bá ń mí síta ni. Àwọn ará ilé wa kò mọ ìyàtọ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Ilé wa wà ní Zongo, àdúgbò àwọn àlejò ní Niamey, olú ìlú Niger, lẹ́yìn ọjà ńlá. Àfáà ni ọkọ mi, ọmọ Ìlọrin bíi tèmi, ṣùgbọ́n ibí ni wọ́n bí i sí. Bàbá bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé kéwú wá síbí. Láàárọ̀, ọkọ mi a máa kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lábẹ́ àtíbàbà iwájú ilé. Bó bá di ọ̀sán, a lọ ta tùràrí àti òróró olóòórùn dídùn lẹ́bàá ọjà. Ìyá rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú wa. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wá láti Ìlọrin ni ìyá náà ti ń pè mí ní "Ìyàwó." Ọmọ mi obìnrin ti ga jù mí lọ báyìí, ìyàwó náà ṣì ni mí.

N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ mi nínú ilé, ohun tí wọ́n fi ń yìn mí nìyẹn.

Ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo lọ nílé, olùkọ́ kan fi ṣọ́ọ̀kì búlúù àti pupa ya inú àyà ènìyàn sára pátákó. Búlúù ni ẹ̀jẹ̀ tó ń ti gbogbo ara bọ̀, tó ru afẹ́fẹ́ tí ara ti lò tán. Pupa ni èyí tó ti gba afẹ́fẹ́ tuntun, tó ń padà lọ. Ó ní kí a má rò pé ènìyàn ló ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Ó ní awọ ẹran kan dùbúlẹ̀ láàrin àyà àti ikùn bí ọmọrí ìkòkò. Bí awọ náà bá wálẹ̀, tí egungun ìhà sì gbé sókè, àyè á ṣí sílẹ̀ nínú àyà, afẹ́fẹ́ á sì wọ ibẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ kì í rí àyè kó má wọ̀ ọ́. Mo rántí pé mo gbé ọwọ́ lé ìhà mi lábẹ́ tábìlì láti wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ ṣe. Nígbà tí mo parí ìwé, bàbá mi sọ fún mi pé wọ́n ti tọrọ mi.

Ọmọ mi kò tíì lọ sí ilé ìwé nígbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí eruku bo ìlú, ó dìde dúró láàrin àgbàlá, ó gbé èjìká méjèèjì sókè bí adìyẹ tí òjò pa, kò sì lè gbé e wálẹ̀ mọ́. Ikọ́ fée ni à ń pè é nílé. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fún wa ní ìgò kékeré kan tí wọ́n ń tẹ̀ sí ẹnu, tí oògùn á fọ́n jáde nínú rẹ̀ bí ìkùukùu. Pọ́ǹpù ni gbogbo ènìyàn ń pè é ní ìlú yìí. Nọ́ọ̀sì kan kọ́ mi bí mo ṣe lè lu ihò sí ìdí ike omi, kí n ti pọ́ǹpù bọ ibẹ̀, kí ọmọ náà sì máa mí láti ẹnu ike, tí ó fi jẹ́ pé bí kò bá tilẹ̀ lágbára láti fà á lẹ́ẹ̀kan, oògùn á dúró dè é nínú ike. Mo ṣe ike mẹ́ta. Ọ̀kan wà ní yàrá, ọ̀kan wà ní ilé ìdáná, ọ̀kan sì wà nínú báàgì mi.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ìyá ọkọ mi a máa sun tùràrí nínú yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn àti fèrèsé ní títì, kí òórùn náà lè wọ aṣọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa sun ún níta. Ó ní tùràrí ni ọmọ òun fi ń bọ́ gbogbo wa, ọmọ òun náà, inú èéfín rẹ̀ ló dàgbà sí, kò wú ikọ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti rí ẹ̀yin iná tó ń pọ́n, mo máa ń pe ọmọ mi pé kó bá mi lọ ra nǹkan. A ti ra iyọ̀ tó pọ̀ ju bí a ṣe lè jẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ ló gbé gbogbo rẹ̀ síta. Ọmọ náà ti bàlágà, ó ń lọ sí lísè, ilé ẹ̀kọ́ girama wọn, ní Kalley. Ní ọdún tó ṣáájú, kò gbààwẹ̀ nítorí àyà rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ gidi. Wọ́n ní ọmọ àfáà tó ń jẹ búrẹ́dì ní ọ̀sán gangan. Ọ̀kan nínú wọn máa ń fi ọwọ́ bo ojú bí ó bá ń kọjá, pé òun kò fẹ́ rí ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí Ràmàdáánì tó tẹ̀lé e kù fẹ́ẹ́fẹ́, ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun máa gbà á.

Ọkọ mi kò fi ipá mú un. Mo fẹ́ sọ èyí bó ṣe rí. Ó ní Ọlọ́run fún aláìsàn ní ìyọ̀ǹda, kí ó jẹun, kí a sì bọ́ tálákà dípò. Ọmọ náà ní rárá. Mo wá ní kí ó gbà á, kí ó sì máa lo pọ́ǹpù rẹ̀ bó bá nílò rẹ̀. Níbẹ̀ ni ọkọ mi ti kọ̀. Ó ní bí olùkọ́ òun ṣe kọ́ òun ni pé ohun tó bá gba ẹnu wọlé, tí ahọ́n sì mọ̀ ọ́n, ó ti ba ààwẹ̀ jẹ́.

Ó yíjú sí ọmọ náà. "Ṣé ahọ́n rẹ ń mọ̀ ọ́n?"

Ọmọ mi kì í purọ́. "Ó korò díẹ̀, Bàbá."

"Ìwọ náà gbọ́ ọ," ó wí fún mi.

Ìyá ọkọ mi fa ọmọ náà mọ́ra, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń fi ọwọ́ nu ojú. "Àlájà mi," bó ṣe máa ń pè é nìyẹn, "ẹni tó bá gbààwẹ̀ nítorí Ọlọ́run, Ọlọ́run ni yóò bá a mí."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá alápatà Hausa tí mo máa ń ra ẹran lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá pa ewúrẹ́ tán, á la ihò kékeré sí ẹsẹ̀ rẹ̀, á fi ẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí awọ á fi ṣí kúrò lára ẹran. Bí wọ́n ṣe ń bó ewúrẹ́ níbí nìyẹn. Mo sọ fún un pé ẹ̀dọ̀fóró ni mo fẹ́, kí ó má gé ọ̀fun kúrò lára rẹ̀, kí ó fi ìdí ahọ́n sílẹ̀, kí ó sì fi ọ̀nà oúnjẹ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ó fi Hausa bi mí pé, "Hajiya, ológbò mélòó lẹ ń bọ́?" Nígbà tó fún mi, ẹ̀dọ̀fóró náà ti rọ, ó pupa rúsúrúsú, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ.

Mo tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ ní àgbàlá nígbà tí àwọn ọmọ kéwú ti tú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ nínú wọn dúró láti wòran. Mo pe ọkọ mi. Mo ti yọ inú bírò kan, mo ti ọ̀pá rẹ̀ bọ ọ̀nà èémí ewúrẹ́ náà, mo fi òwú dì í yíká. Mo fẹ́ ẹ. Ẹ̀dọ̀fóró náà dìde. Kò dìde bí bàlúù, ó dìde díẹ̀díẹ̀, ibì kan ṣáájú ibì kan, ó sì ń funfun bó ṣe ń kún, títí ó fi tóbi ju orí ọmọdé lọ. Àwọn ọmọ náà ní, "Ha." Mo yọ ẹnu, ó sì rọ padà fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, mo bu omi sóbò, nítorí àwọ̀ rẹ̀ pupa, mo sì dà á sínú ọ̀nà kejì tó wà lẹ́yìn, èyí tó rọ̀, tí kò ní òrùka líle. Omi náà jáde ní ìsàlẹ̀ sínú abọ́. Kò sí ẹ̀kán kan tó kan ẹ̀dọ̀fóró. Mo ní, "Bàbá wọn, ẹ wò ó. Ọ̀nà méjì ni. Ti iwájú yìí, afẹ́fẹ́ ló wà fún, kò dé ikùn. Oògùn pọ́ǹpù, ibẹ̀ ló ń lọ. Ọmọ kò jẹ, kò mu."

Ọkọ mi lóṣòó. Ó wò ó dáadáa, kò yára. Ó fi ìka kan tọ́ ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé lókè.

"Ibí yìí ńkọ́?"

Mo fi ìdérí kékeré tó wà níbẹ̀ hàn án, bí ewé tó rọ̀. Mo ní bí a bá ń gbé nǹkan mì, ìdérí yìí a bo ọ̀nà èémí. Bí a bá ń mí, a ṣí i sílẹ̀. Òun ni aṣọ́nà.

"Kí oògùn tó dé ọ̀dọ̀ aṣọ́nà, ẹnu ló gbà," ó wí. "Èyí tó lẹ̀ mọ́ ahọ́n ńkọ́? Aṣọ́nà á rán an lọ sí ọ̀nà wo? Tàbí ìwọ lò ń ṣọ́ aṣọ́nà?"

Àwọn ọmọ kéwú rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó sì béèrè pé, "Ìyàwó, ẹran lo rà ni àbí ìwé?"

Ìbéèrè ọkọ mi kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀, oògùn díẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnu lóòótọ́. Wọ́n gé ẹ̀dọ̀fóró náà sínú ọbẹ̀ ata, a sì jẹ ẹ̀rí mi pẹ̀lú ìrẹsì. Ìdáhùn dé ní ọjọ́ kejì, nígbà tí mo ń ṣe àlùwàlá: bí a bá ń gbààwẹ̀, ṣebí a ń fi omi yọ ẹnu, a ń tu ú dànù, ààwẹ̀ kò sì bàjẹ́. Kí ọmọ náà yọ ẹnu lẹ́yìn pọ́ǹpù, kí ó tu ú dànù. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀, òun máa béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà àfáà ní Ìlọrin.

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò tíì béèrè. Mo rán an létí. Ó ní òun kò gbàgbé. Mo tún rán an létí, ìyá rẹ̀ sì sọ láti inú yàrá pé obìnrin tó ń lé ọkọ kiri pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo bí eṣinṣin, ààwẹ̀ tirẹ̀ gan-an ló yẹ ká yẹ̀ wò. Mo dákẹ́. Mo mọ̀ bí a ṣe ń dákẹ́.

Ọmọ mi ń gbà á. Bí mo bá bi í bí àyà rẹ̀ ṣe rí, á ní, "Sà fà, Màmá," bí àwọn ọmọ ìlú yìí ṣe ń fi Faransé sọ pé kò sí nǹkan. Bí ó bá ti ṣínu tán, mo máa ń rí i tó ń yọ́ lọ sí ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú pọ́ǹpù. Mo mọ̀ pé ó ti ń mí pẹ̀lú ìnira láti ọ̀sán, ó ń dúró de oòrùn.

Ní ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ààwẹ̀ ti ń lọ sópin, eruku sì dìde láti ìhà aṣálẹ̀. Ojú ọ̀run kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà ó di àwọ̀ ilẹ̀. A kò rí oòrùn mọ́ rárá. Mo fi aṣọ tútù dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ọmọ mi ti ilé ìwé dé pẹ̀lú híjáàbù tó fi bo imú, ojú rẹ̀ funfun fún eruku. Mo ń ro kókò, ẹ̀kọ ìṣínu wa, lórí iná nígbà tí mo gbọ́ ìró náà láti àgbàlá. Mo fi orógùn sílẹ̀.

Ó jókòó sórí ẹní, ó tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún. Ihò imú rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa. Bó bá ti ń mí sínú, kòtò tó wà ní ìdí ọrùn rẹ̀ ń jìn sí i, ẹran àárín egungun ìhà rẹ̀ ń wọlé. Ìyá ọkọ mi ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, ó ń sọ fún un pé, "Fà á sínú, Àlájà mi. Fà á sínú."

Ọmọ náà mi orí. Ó fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀. "Ó ti kún, Màmá."

Ohun tí wọn kò mọ̀ nìyẹn. Ọ̀nà èémí pín sí méjì nínú àyà, ó tún pín, ó tún pín, bí igi tí a dorí rẹ̀ kodò, títí ẹ̀ka rẹ̀ fi tín ju irun lọ. Ní orí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni àpò wínníwínní wà, bí ẹyin ẹja, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń gba afẹ́fẹ́. Bí ikọ́ fée bá dé, àwọn ẹ̀ka náà á wú nínú, ẹran tó yí wọn ká á fún wọn pọ̀. Bí ènìyàn bá ń mí sínú, àyà tó fẹ̀ ń fa ẹ̀ka náà ṣí díẹ̀, afẹ́fẹ́ á yọ́ wọlé. Bó bá fẹ́ jáde, ẹ̀ka á pa dé lórí rẹ̀. Àyà ọmọ mi kò ṣófo. Ó kún fún afẹ́fẹ́ àtijọ́ tí kò rí ọ̀nà jáde, kò sì sí àyè fún tuntun.

Mo mú ike àti pọ́ǹpù wá. Ó rí i, ó pa ètè rẹ̀ pọ̀, ó sì gbé ojú sókè wo bàbá rẹ̀.

Ọkọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ike àlùwàlá lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ kò balẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á. Gbogbo ohun tó ní láti ṣe ni kó mi orí sókè sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó wo ojú ọ̀run. Kò sí oòrùn níbẹ̀ tí a lè wò. Ó tẹ́tí sí ìhà mọ́sálásí.

"Ó ku díẹ̀," ó wí. "Ọmọ mi, ó ku díẹ̀."

Ọmọ náà mi orí fún un pé òun gbọ́. Ó di ẹní mú pẹ̀lú ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Bẹ́ẹ̀ ni ìró náà dákẹ́. Fée tó ń ṣe láti ìgbà tí mo ti jáde, kò sí mọ́. Orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ìyá ọkọ mi gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. "Alihamudulilahi," ó wí, "ó ti rọlẹ̀." Ọkọ mi náà mí kanlẹ̀. Ó ń dúpẹ́.

Mo wo egungun ìhà rẹ̀, wọ́n ṣì ń sáré sókè sódò. Mo gbé etí lé ẹ̀yìn rẹ̀, n kò gbọ́ nǹkan kan, bí ìgbà tí a gbé etí lé ògiri. Ìró fée ni ìró afẹ́fẹ́ tó ṣì ń rí ọ̀nà tóóró gbà. Bí ìhà bá ń ṣiṣẹ́, tí kò sì sí ìró, ọ̀nà ti dí ni. Ètè rẹ̀ ti ṣú bí ètè ẹni tó mu sóbò.

Mo fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi lọ́tùn-ún lósì títí ẹnu rẹ̀ fi là. Mo ti ẹnu ike bọ̀ ọ́, mo tẹ pọ́ǹpù. Mo dúró. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó gbé ọwọ́ láti tì mí, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò dé ọ̀dọ̀ mi. Ìyá ọkọ mi ń sọ pé, "O ti bà á jẹ́. Ìyàwó, o ti bà á jẹ́, ó ku díẹ̀." Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Nígbà tó pẹ́, ìró náà padà wá láti ìsàlẹ̀, tínrín, fée. N kò tíì gbọ́ ohun tó dùn tó o láyé mi.

Ọkọ mi ti jáde lọ pe takisí kí n tó sọ ọ́. Ìgbà tí a yà síta Zongo ni a gbọ́ ìpè àdúrà. Ọkọ mi jókòó níwájú. Ó yọ dàbínù láti inú àpò, ó fi ṣínu, ó sì na ọ̀kan sí mi lẹ́yìn láìyíjú. Mo gbà á. Ó wà lọ́wọ́ mi títí a fi dé ilé ìwòsàn, ó yọ́ mọ́ mi ní àtẹ́lẹwọ́.

Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Dókítà tó wà níbẹ̀ kò dàgbà ju àbúrò mi ìkẹyìn lọ. Ó mú ọkọ mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ya ọ̀nà méjì sí ẹ̀yìn páálí ìbọ̀wọ́, ó ń fi Faransé ṣàlàyé pé ti iwájú kò dé ikùn. Ọkọ mi ń tẹ̀ síwájú láti rí i dáadáa. "Wí, dókítà," ó ń fi Faransé sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. "Wí, wí." Mo dúró níbi tí mo ti lè rí páálí náà. Dókítà ti gbàgbé láti ya ìdérí sí i.

Nígbà tí mo padà sẹ́bàá ibùsùn, ọmọ mi ti lajú. Ó fi ìka kan gbé ohun tó bo imú rẹ̀ sókè kí n lè gbọ́ ọ.

"Ẹ ba ààwẹ̀ mi jẹ́, Màmá."

Mo dá ohun náà padà sójú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, ọmọ mi kò jẹ́ kí oṣù tó tẹ̀lé e parí kó tó ní òun máa san ọjọ́ náà padà. Oòrùn ìgbà yẹn ní Niamey, ẹranko gan-an ń sá fún un. Mo ní kí ó dúró di ìgbà òtútù, kò gbọ́. Ó gbé pọ́ǹpù rẹ̀ fún ìyá bàbá rẹ̀ pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀, kí ojú òun má baà rí i. Èmi náà gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo so pọ́ǹpù mìíràn mọ́ etí ìró mi. A jókòó sínú yàrá, mo ń yọ òkúta lára ẹ̀wà, ó ń kàwé. N kò rántí ìwé tó kà. Èémí rẹ̀ ni mo ń gbọ́ láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ó lọ geere. Kò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó jọ mí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ìdáhùn dé láti Ìlọrin. Ọkọ mi ti béèrè wàyí, lórí fóònù, ohùn àgbà àfáà náà sì jáde ketekete fún gbogbo wa láti gbọ́: òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun gbà pé kò ba ààwẹ̀ jẹ́, ọ̀nà èémí kì í ṣe ọ̀nà oúnjẹ, kí ẹni náà ṣáà yọ ẹnu, kí ó tu ú dànù. Ìbéèrè náà kò gbà ju ìṣẹ́jú tí ènìyàn fi ń bọ bàtà lọ.

Ní òwúrọ̀ kan, mo wà ní ilé ìdáná nígbà tí mo gbọ́ tí àwọn ọmọ kéwú ní, "Ha." Mo yọjú. Ọkọ mi ti tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà. Ó ti lọ bá alápatà. Ẹ̀dọ̀fóró ewúrẹ́ wà lórí ọ̀rá náà, ọ̀pá bírò wà lọ́fun rẹ̀, ọkọ mi sì ń fẹ́ ẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Àwọn òbí kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìyá ọmọ oníkọ́ fée kan sì ti àdúgbò Kirkissoye wá. Ọkọ mi fi ìdérí náà hàn wọ́n. Ó pè é ní aṣọ́nà. Ó ṣe é dáadáa, ó tilẹ̀ ṣe é jù mí lọ, nítorí ó ní ohùn. Ìyá rẹ̀ ní, "Ọlọ́run ló ń fi òye fún ẹni tó bá wù ú." Ọkọ mi ní, "Àmín."

Mo dúró kí ó wo ìhà ilé ìdáná. Kò wò ó. Mo ti rò ó dáadáa láti ìgbà náà, n kò sì gbà pé ó ń fi ohun kan pa mọ́. Mo gbà pé ó ti gbàgbé. Ó rò pé dókítà ló fi hàn án, tàbí pé òun fúnra òun ló ronú kàn án. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Olè ń mọ̀ pé ohun tó wà lọ́wọ́ òun ní ẹni tó ni ín.

Ọmọ mi wà lára àwọn tó ń wòran. Ó wọlé wá bá mi nígbà tí wọ́n tú, ó dúró ti ìkòkò omi.

"Ṣé èyí tí ẹ ti ṣe kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn?"

"Òun ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò pariwo?"

Mo wá ìdáhùn. Mo rí púpọ̀, gbogbo wọn ti wà nínú mi tipẹ́, kò sí èyí tó rí ọ̀nà jáde. Mo ní kí ó bá mi gbé ìkòkò kúrò lórí iná.

Ó ti ń lo pọ́ǹpù rẹ̀ nínú ààwẹ̀ báyìí, ní gbangba, níwájú ìyá bàbá rẹ̀, á yọ ẹnu, á sì tu omi sí ẹsẹ̀ ògiri. Wọ́n ń sọ pé ilé wa jẹ́ ilé ìmọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìnira bá dé, bó ti wù kí ó le tó, ó máa ń gbé ike náà súnmọ́ ẹnu, á dá a dúró, á sì kọ́kọ́ gbé ojú wo bàbá rẹ̀. Ọkọ mi á mi orí sókè sílẹ̀. Ìgbà náà ló tó máa ń la ẹnu. Èmi á dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ike kejì lọ́wọ́, n kò ní mí títí ọkọ mi á fi mi orí.